Ayálégbé Méjì Nínú Yàrá Kan

Nígbà tí àkókò eré ìparí ọdún bá ń súnmọ́ níhìn-ín ní Isuada, eré kékeré kan a máa wá sí ọkàn wa. Box and Cox ni orúkọ rẹ̀. John Maddison Morton ni ó kọ ọ́, ilé ìṣeré Lyceum ní Lọ́ńdọ̀nù ni a sì ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1847.

Obìnrin onílé kan gba ayálégbé méjì sí yàrá kan ṣoṣo, láìjẹ́ kí ọ̀kan mọ̀ nípa èkejì. Òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni Box, òru ni í ṣiṣẹ́. Cox ń ṣe fìlà, ọ̀sán ni tirẹ̀. Bí ọ̀kan ti ń jáde ni èkejì ń wọlé, ìyá náà sì ń gba owó ilé lọ́nà méjì. Ọjọ́ tí ọ̀gá Cox fún un ní ìsinmi ni àṣírí tú. Box gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ka iná, oorun sì gbé e lọ. Cox dé, ó mú un kúrò, ó gbé ẹran àgùntàn tirẹ̀ síbẹ̀. Box jí, ó ju ẹran Cox sóde láti ojú fèrèsé. Kò pẹ́ tí Cox náà fi ju ti Box. Ní ìkẹyìn, ọ̀kan bi èkejì bí ó bá ní àmì kan ní apá òsì. Ó ní òun kò ní. Èyí gan-an ni wọ́n fi mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n!

Inú eré Faransé ni Morton ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1866, F. C. Burnand tún un kọ, Arthur Sullivan sì ṣe orin sí i. Obìnrin onílé wá di ológun àtijọ́. Eré tí ó ti pààrọ̀ aṣọ tó bẹ́ẹ̀, èéṣe tí kò fi lè wọ agbádá?

Ní ọdún 1866 kan náà ni a ṣí The Academy ní Èkó, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orin àti eré ẹ̀fẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀ láàrin àwọn Sàró nígbà náà. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìpín níbẹ̀. Ó di 1944, nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré ọgbà Édẹ́nì kalẹ̀ ní Glover Memorial Hall, kí èrò tó mọ bí eré tiwa-n-tiwa ti lè kún gbọ̀ngàn.

Síbẹ̀, a ti jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ti ń ka eré Gẹ̀ẹ́sì lórí bí ẹni ń ka kátíkísímù, tí àwọn ìyá wọn sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo òjò. Olùkọ́ àgbà kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò ń bèèrè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Nítorí náà a sọ eré Morton fún àwọn ọmọ wa ní èdè wa. Box di ọdẹ tí ń ṣọ́ ọjà lóru, Cox di káfíńtà, ẹran ìgbẹ́ rọ́pò ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àmì apá di ilà ojú: “O kò kọlà? Èmi náà kò kọlà. Àbúrò mi rèé!” Ẹ̀rín ya wọ́n lulẹ̀. Ẹnìkan kùn pé ọmọkùnrin kò gbọdọ̀ ró ìró obìnrin onílé. Àwa ní ní Ọ̀wọ̀ yìí, níbi tí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti í dirun, tí í sì múra bí obìnrin ní ọdún Igogo? Báyìí, ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin márùn-ún ni ó ń du ipò ìyá onílé náà, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ ṣe Cox.