Súìtì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Jẹ

Olùkọ́ wa kan fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá ní sáà tó kọjá. Wọ́n ní kí kálukú wa wá iṣẹ́ ọnà kan tí wọn kò ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, kí a sì fi Yorùbá ṣàpèjúwe rẹ̀ débi pé ẹni tí kò rí i rí yóò lè fojú inú wò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú àwòrán Mona Lisa, wọ́n mú ère Òmìnira tó wà ní New York. Èmi mú súìtì. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ bi mí bóyá ebi ló ń pa mí.

Ebi kọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Obìnrin tó ṣe súìtì ọ̀hún ń jẹ́ Laurence Jenkell. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, ìlú Bourges ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1965. Vallauris ló ti ń ṣiṣẹ́, ìlú kékeré kan nítòsí Cannes, níbi tí iṣẹ́ ìkòkò mímọ ti lókìkí láti ìgbà pípẹ́. Picasso pàápàá gbé ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Jenkell kò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni súìtì ràgàjì, irú èyí tó wà nínú bébà tí etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ìyẹ́ labalábá. Òmíràn ga ju ènìyàn lọ. Ó ń fi idẹ ṣe é, ó ń fi mábù ṣe é, ó ń fi alumíníọ̀mù ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tó ń fi ike líle kan ṣe, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Yóò fi ooru mú ike náà rọ̀, yóò sì lọ́ etí rẹ̀ kó tó tutù. Bó bá ti tutù, kò tún ní tú mọ́.

Ó gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí ọ̀rọ̀ "lọ́" yẹn. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "ó wé e." Mo pa á rẹ́, gèlè là ń wé. Mo kọ "ó pọ́n ọn." Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín là ń pọ́n. Mo kọ "ó dì í." Ẹrù ni ìyẹn. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ ohùn màmá mi létí mi: "Ẹ lọ́ ọ dáadáa, kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́." Oorun dá lójú mi.

Màmá mi ń ṣe bàbá dúdú tà nígbà tí a wà ní kékeré. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́. Wọ́n á fọ́ àgbọn, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n á sì máa ro ó lórí iná títí yóò fi ki, tí yóò sì dúdú. Bó bá ti dúdú tán, kò sí ìsinmi. Ní gbígbóná ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gé e, kí wọ́n sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ yí i roboto, nítorí bó bá tutù, ó ti di òkúta. Iṣẹ́ tèmi àti ti àbúrò mi obìnrin ni kí a fi í sínú ọ̀rá, kí a sì lọ́ etí rẹ̀. Ogójì ló ń wọ inú ike kan. Wọ́n máa ń kà á kí a tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún kà á tí a bá parí. A kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyọ kan. Ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan ni tiwa.

Mo jẹ méjì lọ́jọ́ kan. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Nítorí kíkà tí wọ́n máa ń kà á, mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ méjì lẹ́yìnkùlé, mo fọ̀ wọ́n, mo yí wọn nínú ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, mo fi wọ́n sínú ọ̀rá, mo sì lọ́ etí wọn. Iye rẹ̀ pé. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ láàárín àwọn tó kù.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ kan gbé òkúta kan wá sílé wa. Ọmọ rẹ̀ ti gé e jẹ, ẹ̀jẹ̀ sì ti yọ ní ìdí eyín rẹ̀. Màmá mi bẹ obìnrin náà, wọ́n dá owó rẹ̀ padà, wọ́n tún fún un ní mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá. Wọ́n bi wá ta ló ṣe é. Mo dákẹ́. Àbúrò mi náà dákẹ́, ṣùgbọ́n òun ló jókòó ti ike yẹn lọ́jọ́ náà. Òun ni wọ́n nà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n.

Ẹ wá rí i pé nígbà tí mo rí àwòrán súìtì Jenkell, ẹ̀rín kọ́ ló kọ́kọ́ pa mí. Èmi náà ti ṣe súìtì tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ rí.

Wọ́n fi súìtì du Jenkell ní kékeré, ìfẹ́ ohun tí wọ́n fi dù ú yìí sì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fi du ọmọdé kì í tóbi lọ́wọ́, ojú ọmọ náà ló ti ń tóbi. Ó lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí súìtì rẹ̀ fi rí bí ọmọ kékeré ṣe ń rí i: ó ga, ó ń dán, ọwọ́ kò sì tó o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè G20 ṣe ìpàdé ní Cannes, wọ́n to àwọn súìtì rẹ̀ tó wọ àwọ̀ àsíá orílẹ̀-èdè sí ẹ̀bá òkun níbẹ̀. South Africa nìkan ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó fi ebi bú mi bi mí ní kíláàsì pé kí wá ni èrè súìtì tí a kò lè jẹ, àfi kí olówó rà á sílé. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Súìtì kan náà ni obìnrin yìí ń ṣe ṣáá, àwọ̀ ló ń yí padà, ó sì rọrùn kí ohun tó ń dán di ẹ̀ṣọ́ lásán. Mo sọ fún un nípa Felix Gonzalez-Torres, tí wọ́n bí ní Cuba ní 1957. Ní 1991, àrùn éèdì pa olólùfẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Ross. Gonzalez-Torres kó súìtì gidi jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá kan, ìwọ̀n tó fẹ́ kó jẹ́ sì ni pọ́ùn 175, bí ìwọ̀n ara ènìyàn tí ara rẹ̀ le. Ẹni tó bá wá wò ó lè mú ọ̀kan kó sì jẹ ẹ́. Òkìtì náà ń dín kù bí ara aláìsàn ṣe ń joro. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì lè tún fi òmíràn kún un.

Ti Gonzalez-Torres ń tán, nítorí ẹni tó fẹ́ràn tán. Ti Jenkell kò lè tán, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ti màmá mi ń tán lójoojúmọ́, ìtán rẹ̀ sì ni owó iléèwé wa. Gbogbo ìwọ̀nyí ló lójú tí wọ́n ṣe wà. Tèmi nìkan ló jẹ́ ẹ̀tàn.

Mo parí iṣẹ́ àṣetiléwá náà, mo gba máàkì tó dára. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, mo pe àbúrò mi. Mo ní, "Òkúta ọjọ́sí yẹn, èmi ni." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá mi, mo mọ̀. Mo rí yín nígbà tí ẹ̀ ń fọ̀ ọ́."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun rò pé màá sọ ọ́ fúnra mi. Ó ní òun dúró dè é títí ìyẹn fi sú òun. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Òun ló tún bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n fi dátà ránṣẹ́ sóun gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, ó sì ní, "Ṣùgbọ́n màmá kò mọ̀ o. Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ fún wọn."

Màmá mi kì í ṣe bàbá dúdú mọ́, ọwọ́ wọn kò gba iná bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá gba ìsinmi, mo fẹ́ ra àgbọn mẹ́ta lọ sílé. Èmi ni màá rin ín, èmi ni màá ro ó, kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa darí mi. Nígbà tí a bá ń lọ́ etí ọ̀rá ni mo fẹ́ sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kà á bó bá wù wọ́n.