Option Ọ̀tún, Option Òsì

Nínú Emacs, Meta pẹ̀lú x la fi ń pe àṣẹ ní orúkọ. Lórí Mac, Option ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ Meta yẹn nínú terminal. Kò burú. Àmọ́ nínú kíbọ́ọ̀dù ABC Extended, tí èmi fi ń kọ Yorùbá, Option pẹ̀lú x yìí kan náà ló ń fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bọ́tìnì kan wá ń sin ọ̀gá méjì.

Ǹ bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Màmá Ìtòkò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, wọ́n ti lé ní 80 ọdún, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni oríkì ìdílé wa sì kù sí. Lálẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n á máa kì í lórí WhatsApp láti Abẹ́òkúta, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ ní London. Wọn kì í dúró deni o. Tí ẹ bá dá wọn dúró láàárín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wọ́n sì lè fo ibì kan. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ká kọ ọ́ láìsí àmì ná, ká tún un ṣe tó bá yá. "Oko" ni wọ́n pè ni, àbí "ọkọ"? Tí Màmá ò bá sí mọ́, ta la ó bi?

Terminal ò mọ bọ́tìnì rárá. Ìlànà ẹ̀rọ teletype ayé àtijọ́ ló ṣì ń tẹ̀ lé, báìtì nìkan ló ń gbé kọjá. Tí Option bá jẹ́ Meta, á fi Escape ránṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà 27, x á wá tẹ̀ lé e. Tí Option bá wà fún àmì, Mac á gba x yẹn mọ́wọ́, á dúró de lẹ́tà tó kàn, odindi ẹ ló máa dé ọ̀dọ̀ Emacs, báìtì 3. Emacs ò gbọ́ Meta kankan, kí ló fẹ́ ṣe?

Torí náà, ẹ má tíì fọwọ́ kan ètò inú Emacs. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń wọlé. Nínú terminal, ẹ kọ cat -v, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá tẹ Option pẹ̀lú x. Tí ẹ bá rí ^[x, Meta ń dé nìyẹn. Tí nǹkan kan ò bá jáde títí ẹ fi tẹ lẹ́tà míì, àmì ló ń ṣe. Ctrl-C lẹ ó fi jáde.

Option méjì ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù, iTerm2 sì gbà kéèyàn ṣètò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Profiles, lábẹ́ Keys, mo fi ti òsì sí Esc+, mo fi ti ọ̀tún sílẹ̀ sí Normal. Ó tán. Ẹni tó ń lo Terminal tó bá Mac wá lè fi Option sílẹ̀ fún Yorùbá, kó máa tẹ Esc, kó gbé ọwọ́ kúrò, kó tó tẹ x. Ohun kan náà ló ń dé Emacs, ó kàn ń fa ọwọ́ sẹ́yìn ni.

(Ẹ̀yin oní-Vim, ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí Ctrl-S bá mú kí gbogbo rẹ̀ dá gbọnrangandan, terminal ló gbọ́ ọ bí "dúró". Ctrl-Q ló ń tú u sílẹ̀, stty -ixon ni kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́.)

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kan bàbá tó bí bàbá mi. Màmá ń kì í lọ, ọwọ́ ọ̀tún mi ń fi àmì sí i, ti òsì ń fi Meta pẹ̀lú e lọ sí ìparí gbólóhùn. Wọ́n ní, "Ṣé o ti kọ ọ́?"

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́, mà."

"Ó dáa, kà á kí n gbọ́."