Ohun tí Àgbàrá Kọ́ Mi ní Pápá Accra

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti ilẹ̀ yòówù tí ẹ ti wá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe kan fún yín.

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú Accra, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi gbin àgbàdo sí ìsàlẹ̀ pápá kan tí màlúù ti jẹ koríko rẹ̀ tán. Ní oṣù kárùn-ún, òjò kan ṣoṣo rọ̀, àgbàrá sì gbá ebè wa lọ. Àwọn ọmọ ń sunkún. Mo wí bí ọ̀mọ̀ràn pé, "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ yìí ni ó fà á." Ọmọdébìnrin kan bi mí pé, "Tíṣà, òkè ọ̀hún ga ju èyí lọ. Kí ni kò jẹ́ kí omi gbá oko tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Koríko ni ó bo òkè náà.

Ní ọjọ́ kejì, a gé orí àti ìdí agolo mílíìkì méjì, a tẹ ọ̀kan bọ ilẹ̀ lórí òkè, a tẹ èkejì bọ pápá màlúù, a sì bu omi ife kọ̀ọ̀kan sí wọn. Kí a tó ka 60, ilẹ̀ òkè ti mu tirẹ̀. A ka ti pápá dé 500, omi ṣì ń wò wá lójú.

Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, ẹ̀kán òjò a máa lù ú bí ọmọ odó, erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú a sì dí ihò rẹ̀. Pátákò màlúù a tún kì í mọ́lẹ̀. Iyanrìn a máa tètè mu omi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú olámọ̀ tí a ń pè ní Akuse a máa lanu ní ẹ̀ẹ̀rùn, a gbé òjò àkọ́kọ́ mì. Bí ó bá rin tán, a wú, a sì pa ẹnu dé. Ilẹ̀ ni ó ń sọ iye omi tí yóò ṣẹ́kù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó ń fún un lẹ́sẹ̀ láti sáré. Òjò Accra, nǹkan bí 800 mìlímítà lọ́dún, kò tó ti Èkó. Èyí tí ó bá sá lọ, àdánù ni.

Mo sọ fún àwọn ọmọ pé mo ṣì wí. A bẹ darandaran kí ó jẹ́ kí koríko hù ní bèbè oko wa, a kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a sì fi koríko gbígbẹ bò ó. Òjò àrọ̀kúrò dé. Àgbàdo wa dúró.

Àgbàrá kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ẹ má ṣe tijú láti gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọmọdé.