Iye Akẹ́kọ̀ọ́ àti Iye Olùkọ́

Aréògún, ògbóǹtagí agbẹ́gilére Òsì ní ìpínlẹ̀ Kwárà, ni bàbá Bándélé. Bándélé kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ. Fákẹ́yẹ sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ohun tí ó gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ró ni pé ojú ọ̀gá ká ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́.

Ọ̀ràn yìí kan yunifásítì pẹ̀lú. Ní 1976, 200 akẹ́kọ̀ọ́ ni ti Ìlọrin fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń gbà lọ́dọọdún báyìí. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Málétè ní 2009, Òsì wà lára àwọn ìlú tí a yàn fún ẹ̀ka rẹ̀. Ìrètí ńlá ni èyí fún ọmọ Ìlọ́fà tí ó yege ìdánwò JAMB ṣùgbọ́n tí kò rí àyè.

Àmọ́, bí èrò bá ń pọ̀ tí owó ìjọba kò pọ̀, yálà kí a di ẹrù náà ru òbí, tàbí kí a kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ ju agbára olùkọ́ lọ. Èkíní ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ àgbẹ̀. Èkejì ṣí i fún un, ṣùgbọ́n kò fún un ní ẹ̀kọ́. Nítorí náà, kí ìjọba tó ka akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gbà, olùkọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kà.