“Ó TI KÚ!” NI MO KÉ, ÀṢÉ OORUN LAJÁ MI Ń SÙN

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n rojọ́ ara mi.

Aránṣọ ni mí l'Àgbárá, nítòsí ibi tí àwọn iléeṣẹ́ pọ̀ sí. Ajá kan ló ń bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2022, lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, egungun fọ́ wómúwómú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbà mí nímọ̀ràn mẹ́ta. Ẹnìkan ní kí n tà á fún àwọn tó ń jẹ ajá. Ẹnìkan ní kí n lọ paracetamol sínú ẹ̀kọ fún un. Ẹ̀kẹta ní ká dè é mọ́lẹ̀, kí òun fi ayùn gé ẹsẹ̀ náà. Ó ní, “Ẹranko ni, á gbàgbé.”

Ọmọ mi ló lọ pe dókítà ẹranko wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó yẹ ajá náà wò, ó ní ẹsẹ̀ yẹn ò ṣeé tún ṣe mọ́, àfi ká gé e. Ó dárúkọ owó. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ̀ wá náà: mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Mo ní, “Dókítà, ẹ yọ owó abẹ́rẹ́ oorun kúrò. Ẹ ṣáà gé e, a ó bá yín dì í mú.”

Ó wò mí, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ ti bímọ nípa iṣẹ́ abẹ rí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àbígbẹ̀yìn mi.

“Bí wọ́n bá ní kí ọkọ yín san owó díẹ̀, kí obìnrin mẹ́rin dì yín mú ńkọ́?”

Ẹnu mi wọhò. Òbúkọ mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́dún tó ṣáájú, mo san owó fún ọkùnrin kan tó fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá láìsí abẹ́rẹ́ kankan. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló kú. Mo ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Mo san owó dókítà pé. Owó ìránṣọ mẹ́ta ni.

Ó bọ́ sórí òṣùwọ̀n, ó tún gbé ajá náà gùn ún, ó yọ ti ara rẹ̀ kúrò: kílò 18. Ó ní bí ara bá ṣe wúwo tó la fi ń mọ ìwọ̀n oògùn. Ó kọ́kọ́ gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora. Ó fá irun ẹsẹ̀ iwájú, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń gba ti oògùn oorun wọlé. Kò pẹ́ rárá, Tanímọ̀la sùn lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kalẹ̀! Mo figbe ta, “Yéè, ó ti kú!”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ketamine ṣe ń ṣe nìyẹn: ojú á là, ṣùgbọ́n onílé ò sí nílé. Calvin Stevens ló kọ́kọ́ ṣe é l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, wọ́n sì ń lò ó fún èèyàn náà.

Ó ní kí n máa wo àyà ajá náà bó ṣe ń mí, kí n pariwo bí ahọ́n bá ń dúdú bí aró. Oògùn tó bá pọ̀ jù lè dá èémí dúró. Bó bá rí i pé ajá fẹ́ máa jí, á fi díẹ̀ kún un látinú rọ́bà náà. Ìdí tí wọ́n fi ń gba inú iṣan nìyẹn: ó ń tètè ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè máa bù ú lé díẹ̀díẹ̀.

Ó tún gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú sí ìdí itan. Mo ní ṣebí ó ti sùn? Ó ní, “Oorun ọ̀tọ̀, ìrora ọ̀tọ̀. Tó bá jí, ojú ọgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀.” Ó fún mi ní oògùn ìrora tí n ó máa fún un fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní kí n má fi paracetamol dán an wò láé, ó lè ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́. Ti ológbò ló burú jù, hóró kan ṣoṣo lè pa á.

Bó ṣe ń rán ojú ọgbẹ́ ló sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé. Propofol, oògùn oorun tí wọ́n ń lò fún èèyàn káàkiri ayé, dókítà ẹranko ló ṣàwárí rẹ̀: John Glen, ọmọ Scotland. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lasker l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2018. Èmi tí mò ń sọ pé kí wọ́n yọ owó oorun kúrò!

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni Tanímọ̀la fi ń sáré báyìí, ó sì ń gbó dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran, kí ọ̀bẹ tó kan ara wọn, ẹ wá dókítà ẹranko tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Bẹ́ ẹ bá ń ná owó, ẹ ná an dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ná owó abẹ́rẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹran ò lè bẹ̀ yín.

Òbúkọ mi náà bẹ̀ mí bó ṣe mọ. Èmi ni mi ò gbọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ, Àgbárá.