Níbo ni Dẹ̀gẹ̀ Dídára Wà?

1. Ohun mímu tútù

Ní oṣù Ẹ́ta, oòrùn máa ń mú gan-an ní Àjàṣẹ́, ìlú tí a tún ń pè ní Porto-Novo. Ilẹ̀ a gbóná. Afẹ́fẹ́ a gbóná. Nígbà tí agogo ilé-ìwé bá dún, gbogbo ọmọ a máa wá ohun tútù mu.

Kí ni wọ́n máa ń rà? Àwọn kan a ra omi tútù. Àwọn kan a ra omi ìṣápá pupa. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ràn jù ni dẹ̀gẹ̀.

Dẹ̀gẹ̀ funfun, ó sì ki. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Hóró kéékèèké wà nínú rẹ̀. Bí a ti ń mu ún ni a ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ ni, ohun mímu sì ni.

Kì í ṣe ní Àjàṣẹ́ nìkan ni wọ́n ti ń mu dẹ̀gẹ̀. Wọ́n ń mu ún ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Kútọnu àti ní Lomé. Wọ́n ń mu ún ní Burkina Faso àti ní Mali. Ní Nàìjíríà, àwọn Haúsá àti àwọn Fúlàní ní ohun mímu kan tí ó jọ ọ́. Fúrá ni orúkọ rẹ̀.

2. Bí a ṣe ń ṣe dẹ̀gẹ̀

Wàrà màlúù ni a fi ń ṣe dẹ̀gẹ̀. Ẹni tí kò bá rí wàrà tútù a mú wàrà gbígbẹ inú agolo, a sì pò ó mọ́ omi.

Oní-dẹ̀gẹ̀ a gbé wàrà náà ka iná títí yóò fi hó. Lẹ́yìn náà, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. A dúró kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà náà ni yóò fi ṣíbí díẹ̀ nínú wàrà kíkan ti tẹ́lẹ̀ sí i. A dé e, a fi aṣọ wé ìkòkò náà, a sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní òru? Àwọn ohun alààyè kan wà nínú wàrà kíkan. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn. Wọ́n ń jẹ adùn inú wàrà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di kíkan. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wàrà náà ti ki.

Hóró inú dẹ̀gẹ̀ ńkọ́? Ìyẹ̀fun jéró ni. Àwọn ẹlòmíràn ń lo àlìkámà. Oní-dẹ̀gẹ̀ a wọ́n omi sí ìyẹ̀fun náà, a sì máa fi ọwọ́ yí i títí yóò fi di hóró kéékèèké. A fi ooru omi gbígbóná sè é. Bí ó bá tutù, a dà á sínú wàrà kíkan. A fi ṣúgà sí i. Ó kù kí ó gbé e sínú fírígò.

Òtútù kì í ṣe nítorí adùn nìkan. Àwọn ohun kéékèèké búburú náà wà tí ojú kò lè rí. Wọ́n fẹ́ràn wàrà tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú ooru ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i kíákíá. Bí wọ́n bá pọ̀, inú yóò run ẹni tí ó bá mu wàrà náà. Ṣùgbọ́n òtútù kò jẹ́ kí wọ́n tètè pọ̀.

3. Igba fáráǹ

Ọmọkùnrin kékeré kan wà ní Àjàṣẹ́. Ọmọ ọdún 4 ni. Ibà mú un fún ọjọ́ 3. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní oògùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ jẹun.

Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fún un ní ìrẹsì. Ó di ẹnu rẹ̀.

Ìyá àgbà jókòó tì í. Ó bi í pé, “Kí ni o fẹ́, ọkọ mi?”

Ọmọ náà dáhùn pé, “Dẹ̀gẹ̀ ni mo fẹ́.”

Inú ìyá àgbà dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Dẹ̀gẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ lè mú kí ọmọ máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ gbuuru a máa gba omi lára ọmọ. Ara ọmọ yìí kò sì tíì le.

Ìyá àgbà pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì. Èkíní jẹ́ ọmọkùnrin, ọmọ ọdún 10. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin, ọmọ ọdún 8. Ó fún wọn ní 200 fáráǹ.

Ó ní, “Ẹ lọ ra dẹ̀gẹ̀ tí ó dára fún àbúrò yín. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é.”

Àwọn ọmọ náà dáhùn pé, “A ti gbọ́, ìyá àgbà.”

4. Orí tábìlì nínú oòrùn

Wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó to dẹ̀gẹ̀ inú ọ̀rá sórí tábìlì. Oòrùn ń pa á.

Àwọn ọmọ kí i pé, “Ẹ kú ọjà o, ìyá.”

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀. 50 fáráǹ ni ọ̀kan.”

Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí etí àbúrò rẹ̀ pé, “Bí a bá ra 2, ó ku 100 fáráǹ. A lè fi ra bisikíìtì.”

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ kan ọ̀rá kan. Kò tutù rárá. Ọ̀rá náà sì wú bíi bọ́ọ̀lù.

Ó béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ìgbà wo ni ẹ ṣe é?”

Obìnrin náà lejú. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ máa bi mí ní ìbéèrè?”

Ọmọbìnrin náà dúpẹ́, ó sì fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bínú díẹ̀. Ó ń ronú bisikíìtì. Lẹ́yìn náà ó rántí àbúrò wọn tí ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

5. Ilé ìtajà tí ó ń dán

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ilé ìtajà ńlá kan. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Nínú ilé náà, òtútù wà bí ti ọyẹ́. Ẹ̀rọ kan ń yí gìrìgìrì. Ó ń po wàrà dídì pọ̀ mọ́ wàrà tútù. Ohun mímu tí ó jáde ki, ìfófòó sì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tajà ṣàlàyé fún wọn pé, “Mílíkì-ṣéèkì ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.”

Àwọn ọmọ náà wo iye owó rẹ̀ lára ògiri. 200 fáráǹ kò lè rà á rárá. Kò sì ní hóró jéró nínú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Dẹ̀gẹ̀ ni ẹ ń wá? Ẹ yà sí ojú ọ̀nà kejì. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ń ṣe é nínú ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi náà ti ń mu ún.”

6. Ìyá tí kò fẹ́ tà

Wọ́n bá ìyá náà ní àgbàlá rẹ̀. Àwo ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Ó ń da dẹ̀gẹ̀ nù.

Ẹnu ya àwọn ọmọ náà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì kí i. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ìyá, ẹ má dà á nù! A fẹ́ rà á.”

Ìyá náà mi orí. Ó ní, “Rárá o, ẹ̀yin ọmọ mi. Iná ti lọ láti òru àná. Fírígò mi ti gbóná. N kò lè ta èyí fún ọmọ ọlọ́mọ.”

Ọmọbìnrin náà wo àwo náà. Dẹ̀gẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Owó púpọ̀ ni ó ń ṣòfò yẹn.

Ó béèrè pé, “Ṣé kò dùn yín, ìyá?”

Ìyá náà dáhùn pé, “Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ṣàìsàn, yóò dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè dúró. Ó ti se wàrà mìíràn ní alẹ́ àná. Wàrà náà ti ki. Ó ti ra yìnyín ní ọjà, ó sì ti gbé wàrà náà sínú àpótí yìnyín. Hóró jéró nìkan ni ó kù kí ó sè.

Àwọn ọmọ náà jókòó sórí àpótí ìjókòó. Wọ́n ń wò ó. Ó fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó yí ìyẹ̀fun, ó sè é, ó sì jẹ́ kí ó tutù. Ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ó tún gbé e sínú yìnyín. Ó pẹ́. Ebi ń pa ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí àwọn máa lọ.

Níkẹyìn, ìyá náà bu dẹ̀gẹ̀ sínú ọ̀rá 2. 100 fáráǹ ni ọ̀kan. Ó fi yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ wọn nínú ọ̀rá ńlá kan. Ó ní, “Ẹ yára délé. Ẹ kí ìyá àgbà yín o.”

Wọ́n sáré. Nígbà tí wọ́n dé ilé, dẹ̀gẹ̀ náà ṣì tutù. Ìyá àgbà tọ́ ọ wò, ó sì mi orí pé ó dára. Ó bu ú sínú ife fún ọmọ náà. Ọmọ náà mu ṣíbí kan. Ó mu èkejì. Ó mu ún títí ife náà fi ṣófo.

Ó béèrè pé, “Ṣé ó ṣẹ́kù?”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ti pé ọjọ́ 4 tí ọmọ náà ti béèrè oúnjẹ kẹ́yìn.

7. Bí a ṣe lè mọ èyí tí ó dára

Dẹ̀gẹ̀ dídára lè wà ní ilé ìtajà ńlá. Ó sì lè wà ní àgbàlá kékeré. Kí ọmọ tí ó bá fẹ́ rà á lo ojú, ọwọ́, imú àti ẹnu rẹ̀.

Ojú: Ṣé ibẹ̀ mọ́? Ṣé eṣinṣin kò bà lé e? Ṣé ọ̀rá rẹ̀ kò wú?
Ọwọ́: Ṣé ó tutù dáadáa?
Imú: Ṣé òórùn rẹ̀ dára?
Ẹnu: Kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó fi mu ún.

Oní-dẹ̀gẹ̀ tí ó dára kì í bínú sí ìbéèrè. Bí ọjà rẹ̀ bá bàjẹ́, yóò sọ pé, “N kò ní tà á lónìí.” Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí a padà lọ lọ́la. Àwọn àgbà ní, ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni a fi ń ṣe hóró inú dẹ̀gẹ̀?
2. Kí ni ìdí tí ẹ̀rù fi ba ìyá àgbà?
3. Kí ni ọmọbìnrin náà rí lára ọ̀rá tí ó wà lórí tábìlì?
4. Kí ni ìdí tí ìyá náà fi da dẹ̀gẹ̀ rẹ̀ nù?
5. Ohun mímu tútù wo ni wọ́n ń tà ní ìtòsí ilé-ìwé rẹ? Sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.