Ta Ló Wà Ní Ìlà-Oòrùn Ògiri?

Àbúrò mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ wá ṣe ọdún Kérésì l'Ékòó, ó ní kí n bá òun wá ilé tí òun máa dé sí. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa rí òkun láti ojú fèrèsé." Mo pe ajẹ́ńtì kan. Victoria Island ni o, Oníru ni o, Lekki ni o, ibi yòówù kó jẹ́, tí fèrèsé bá ti kọjú sí òkun, owó á fò sókè. Mo ní kí ló dé? Ó rẹ́rìn-ín: "Mọ̀mí, afẹ́fẹ́ nù-un!"

Afẹ́fẹ́ yìí ni ò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òkun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fowó rà nílé wa. Ṣe ni wọ́n ń fi dẹ́rù bà wá. Tí a bá lọ sí Bar Beach, ìyá mi á fi etí gèlè so ọwọ́ mi mọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá Aládùúrà kan tó wọ sùtánà funfun ń fọwọ́ gbẹ́ iyanrìn kó lè ri àbẹ́là mọ́lẹ̀. Bó ti ń gbẹ́ ẹ lomi ń sun jáde nísàlẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó tún gbẹ́, omi tún dé. Nígbà tó sú u, ó kúkú di àbẹ́là mú lọ́wọ́, ó ń bá àdúrà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí òkun ń jẹ etí Bar Beach, àwọn àgbà ní ó ń bínú ni. Bẹ́ẹ̀ iyanrìn ló ń rìn. Létíkun Èkó, ìgbì kì í sinmi: ìwọ̀-oòrùn ló ti ń kó iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn, bí èyí ti ń lọ lèyí ń bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba òyìnbó to òkúta wọnú omi lẹ́nu ọ̀nà èbúté, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀nà là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn ń gbá jọ sí Lighthouse Beach ní ìwọ̀-oòrùn òkúta náà, Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn ò rí tirẹ̀ gbà mọ́, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n tún kó iyanrìn dí ojú òkun níbẹ̀, wọ́n pè é ní Eko Atlantic, wọ́n wéwèé ògiri kìlómítà 8.5 láti fi dá omi dúró. Ọkàn Victoria Island balẹ̀. Àmọ́ àwọn ará Òkun Àlfà, ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún níhà Lekki, ń ké pé látìgbà tí iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lòkun ti ń gbé ilé àwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé bọ́ lọ́kàn mi níbẹ̀. Ògiri kì í lé òkun lọ; ilé aládùúgbò ló ń júwe fún un. Ẹni tó ń gbádùn afẹ́fẹ́ ti jẹ nínú iyanrìn ẹlòmíì, ẹni tó ni iyanrìn ò sì gba kọ́bọ̀ nínú owó ilé. Tó bá ṣe pé èmi ni mo ni àṣẹ, n ó ní kí gbogbo ajẹ́ńtì máa kọ orúkọ àdúgbò tó kàn níhà ìlà-oòrùn sára ìwé ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń pè é.